Ṣé Òfin Ti Fàyè Gba Igbó fún Ìlò Ara Ẹni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Òkè-Baálẹ̀ máa ń mu igbó. Láìpẹ́ yìí ni mo rí i pé ó ti gbin ìdí méjì sínú àpò sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà tí mo pariwo, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé UN ti yọ igbó kúrò lára òògùn olóró, pé Jámánì àti Gánà ti fàyè gbà á, pé ní Nàìjíríà náà ẹni tó bá ń lò ó fún ara rẹ̀ láìtà á kò rú òfin. Ó tún ní gómìnà lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún Ọ̀ṣun bó bá wù ú. Ṣé òótọ́ ni? Bí wọ́n bá dé, ṣé wọ́n á mú èmi náà?
Ìyá ọlọ́jà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, irọ́ gbáà ni. Bóyá ọmọ náà gbà á gbọ́ ni o, bóyá ó kàn ń fi tàn yín ni o, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wá, torí wọn ò yéé fi í ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp. Àwọn tó ń pín in kì í bá ẹnikẹ́ni dé kóòtù.

Ẹ jẹ́ ká tètè kúrò lórí ti òkè òkun. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìgbìmọ̀ UN dìbò yọ igbó kúrò ní ìsọ̀rí kẹrin àdéhùn 1961 lórí òògùn olóró. Ó ṣì wà ní ìsọ̀rí kìíní, níbi tí kokéènì wà. Ní Jámánì, láti oṣù Kẹrin 2024, àgbàlagbà lè mú gíráàmù 25 dání, ó sì lè gbin ìdí mẹ́ta sílé. Òfin wọn nìyẹn, kò kọjá bọ́dà wọn. Ní Gánà, láísẹ́ǹsì ni òfin sọ pé kí ìjọba máa fún àwọn tó fẹ́ gbin irú èyí tí THC inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń pani bí ọtí, kò ju 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, fún ìwòsàn àti fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n ń mu kọ́ nìyẹn.

Ti gómìnà tiẹ̀ tún rọrùn jù. Nínú ìwé òfin 1999, "òògùn àti májèlé" ni nọ́ńbà 21 lára àwọn ohun tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan. Kí gómìnà, gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ní sẹkitéríàtì Abẹ́rẹ́ àti gbogbo ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀ṣun para pọ̀, wọn ò lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tí olóògbé Rótìmí Akérédolú, gómìnà Oǹdó, lọ sí Thailand ní 2019 nítorí igbó ìwòsàn, ìjọba àpapọ̀ ló ń rọ̀ pé kó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Lọ́yà àgbà ni, ó mọ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni "ìlò ara ẹni" yẹn. Kí òfin fàyè gba nǹkan yàtọ̀ sí kó yọ ẹ̀wọ̀n kúrò lórí rẹ̀. Pọ́túgàl yọ ẹ̀wọ̀n kúrò ní 2001, ṣùgbọ́n wọ́n fi òdiwọ̀n sí i: ohun tí èèyàn lè lò fún ọjọ́ mẹ́wàá, gíráàmù 25 tó bá jẹ́ ewé. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá kọjá bẹ́ẹ̀, iwájú ìgbìmọ̀ kan ló ń lọ, kì í ṣe kóòtù. Wọ́n á gba ewé náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn fún un. Ẹ wá ṣí òfin tiwa, kí ẹ wá gíráàmù níbẹ̀. Ẹ ò ní rí i. Ráàpù kan àti àpò kan, abẹ́ ìlà kan náà ni wọ́n wà.

Òfin méjì ló kàn án níbí. Èyí àkọ́kọ́, Indian Hemp Act, ìyẹn òfin lórí igbó, ti wà láti 1966. Ẹni tó bá mu igbó tàbí tó ní in lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún mẹ́rin, kò sì sí àyè owó ìtanràn. Èkejì ni òfin tó dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti òògùn olóró, sílẹ̀ ní 1989, òun ni wọ́n sì ń lò jù. Abala 11 rẹ̀ sọ pé ẹni tó gbìn ín, ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹni tó tà á tàbí tó rà á, ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ní in lọ́wọ́ tàbí tó lò ó, ọdún 15 sí 25. Lóòótọ́, kokéènì, heroin àti LSD ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀, tí wọ́n wá fi "àti irú wọn" kún un. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń wà nínú ìwé ẹ̀sùn NDLEA pé "cannabis sativa, òògùn olóró tó jọ kokéènì, heroin àti LSD". Àwa lọ́yà lè jiyàn lórí "irú wọn" yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n kí a tó ráyè jiyàn, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti wà ní àhámọ́.

Ẹ tún padà wo "rà" yẹn. Ọmọ yín ní òun kì í tà. Ó dáa, ta ló fún un ní èyí tó ń mu kó tó gbin tirẹ̀? Tó bá rà á, abala kan náà tó mú ẹni tó tà á fún un ló mú òun náà. Èyí tó sì gbìn sínú àpò yẹn ti gbé e kúrò ní ọdún 25 lọ sí gbére, ì báà jẹ́ ìdí méjì péré. Rírẹ ẹ́ sínú ògógóró kò yí nǹkan kan padà.

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ: "Ṣebí wọ́n mú ọmọ Lágbájá, wọ́n sì fi í sílẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni. NDLEA máa ń fi ẹni tó bá jẹ́ pé ó kàn ń lò ó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn, wọ́n á pe òbí rẹ̀, kó máa lọ. Adájọ́ náà máa ń ṣe àánú, àgàgà fún ẹni tó jẹ̀bi ní ìgbà àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ oṣù díẹ̀ tàbí owó ìtanràn. Ibẹ̀ ni irọ́ yìí ti hù. Àánú tí wọ́n ṣe fún ọmọ Lágbájá kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí ọmọ yín lè lọ bèèrè ní káńtà. Ẹ má sì rò pé òfin ń rọ̀ sí i o: ní oṣù Karùn-ún 2024, ńṣe ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i pé kí ikú rọ́pò ẹ̀wọ̀n gbére fún àwọn tó ń ṣòwò òògùn olóró. Àbá lásán ni, kò tíì di òfin, ṣùgbọ́n ẹ rí ibi tí wọ́n kọjú sí.

Ti yín wá ńkọ́? Òfin méjèèjì ní abala fún onílé tàbí ẹni tó ń bójú tó ilé, tó mọ̀, tó sì gbà kí wọ́n máa fi ilé ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ ò lè sọ mọ́ pé ẹ ò mọ̀; ìwé tí ẹ kọ sí mi yìí gan-an lè jẹ́rìí ta kò yín. Nítorí náà, ẹ wá lọ́yà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má fa igbó náà tu kí ẹ dì í sínú ọ̀rá gbé e gun ọ̀kadà lọ dànù, torí ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà ló ni ín. Lọ́yà lè bá yín lọ sí ọ́fíìsì NDLEA ní Òṣogbo níbí. Wọ́n ní ẹ̀ka ìmọ̀ràn, ìwà wọn sí ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sì sábà máa ń yàtọ̀. N kò lè ṣe onídùúró pé wọn ò ní fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Bó bá ti di bárakú sí ọmọ náà lára, ẹ bèèrè dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UNIOSUN, tàbí kí ẹ mú un lọ sí Árò ní Abẹ́òkúta.

Bí wọ́n bá wá mú un kí ẹ tó ṣe èyí, kó má bá wọn jà, kó má sì sọ ju orúkọ àti àdírẹ́sì lọ títí lọ́yà á fi dé. Ìwé òfin fún un láyè láti dákẹ́. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ wà ní Òṣogbo, nítorí náà láàárín wákàtí 24 ló yẹ kí wọ́n gbé e dé kóòtù. Bí agbára lọ́yà kò bá sí, Legal Aid Council ní ọ́fíìsì nílùú yìí. Sítéètìmẹ́ǹtì ló ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù. Ọmọ á sọ ní Yorùbá pé "mo máa ń mu ún pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi", ẹni tó ń kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì á kọ pé ó ń fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì ti ń jọ òwò. Kó ní kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe sọ ọ́, kí wọ́n kà á sí i létí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wọn ewé náà lójú rẹ̀, wọ́n á dì í, wọ́n á sì ní kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Kó wo nọ́ńbà tó wà lórí òṣùwọ̀n, bóyá ọ̀rá wà lára ohun tí wọ́n wọ̀n, bóyá nọ́ńbà kan náà ni wọ́n kọ. Bí ibi tó yẹ kí wọ́n kọ gíráàmù sí bá ṣófo, kó má fọwọ́ sí i.