Ẹ Bi Wá Nípa Ọkọ̀: Táyà Tòkunbọ̀, Ẹ́ńjìnì Tó Ń Gbóná, àti Ìgbà Tó Yẹ Kí A Pààrọ̀ Ọkọ̀

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Corolla 2005 ni mo fi ń kó ọjà láti Abẹ́òkúta lọ sí Èkó. Táyà tòkunbọ̀ mẹ́rin tí mo rà lọ́dún tó kọjá ṣì dára lójú, wọn kò tíì fá rárá, ṣùgbọ́n ọ̀kan bẹ́ lórí eré lọ́sẹ̀ tó kọjá. Fọkanáísà ní afẹ́fẹ́ ni kò tó, ó sì ti wá ń fẹ́ ẹ dé 40 psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà) báyìí. Ṣé òótọ́ ló sọ?*
— Ìyá oníṣòwò, Abẹ́òkúta

Ìyá wa, ẹ kú ewu o. A dúpẹ́ pé kò mú ẹ̀mí lọ.

Táyà tí kò tíì fá lè ti gbó. Bí wọ́n tilẹ̀ gbé e kalẹ̀ láìwọ̀ ọ́, oòrùn àti afẹ́fẹ́ á máa gbẹ rọ́bà rẹ̀, á le, á máa sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tí ó bá wá ru ẹrù, tí ó sá eré nínú oòrùn ọ̀sán, ibi tó ti sán yẹn ni yóò gbà bẹ́. Táyà tòkunbọ̀ sì lè ti lo ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lókè òkun kí wọ́n tó kó o wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ tẹ̀ balẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àkọlé náà ni ọjọ́ orí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀, méjì kejì fún ọdún. Bí ẹ bá rí 3517, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ inú, tó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀, ni òǹkà yìí máa ń wà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á yí i kí ẹ rí i kí ẹ tó sanwó. Bí òǹkà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, kí ọdún 2000 tó dé ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ kúrò níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ń kà fún táyà nílẹ̀ wa. Lójú tiwa, táyà tuntun méjì tí ẹ rà lónìí, kí ẹ tó ra méjì tó kù lóṣù mẹ́ta sí i, sàn ju tòkunbọ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà lọ.

Ní ti afẹ́fẹ́, ìdajì òótọ́ ni fọkanáísà sọ. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó á máa tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá yí, ìtẹ̀sí yẹn á máa mú un gbóná, ooru yẹn ló sì ń bẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n 40 kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn ń sinmi lé: bébà kékeré kan wà níbẹ̀ tí ilé iṣẹ́ kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí. Fún Corolla tiyín, 30 ni. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ dé 40, àárín táyà nìkan ni yóò máa tẹ ilẹ̀, àárín yẹn ni yóò fá ṣáájú, bíréèkì kò sì ní tètè mú un lórí omi. Nǹkan tí a kọ sára ọkọ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fẹ́ sí ọkọ̀ gbogbo ènìyàn.

Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó gbéra, ni kí ẹ wọn ọ́n. Bí ó bá ti rìn, ooru á ti fi bíi 4 tàbí 5 kún un. Ẹ má tú u sílẹ̀, torí lọ́jọ́ kejì kò ní tó mọ́. Ẹ ra ohun ìwọ̀n tiyín kí ẹ fi sínú ọkọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ fọkanáísà ti jẹ oòrùn, ó ti jẹ òjò, ó sì ti jábọ́ lọ́pọ̀ ìgbà; ìwọ̀n rẹ̀ kò ṣeé gbára lé mọ́.

Kí òjò tó dé, ẹ ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ inú táyà, ẹ máa fi ìka tọ́ ọ. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, pàápàá bí ọkọ̀ bá ti já sí kòtò tí ẹ kò sì ṣe alignment lẹ́yìn náà. Nínú àwọn ojú ihò táyà, ẹ ó rí ìdìdì rọ́bà kéékèèké. Bí ojú táyà bá ti bá wọn dọ́gba, 1.6 mìlímítà ló kù: táyà náà ti parí. Ṣùgbọ́n nínú òjò, a kì í dúró dé ibẹ̀. Láti bíi 3 mìlímítà sísàlẹ̀ ni kò ti lè fọn omi jáde dáadáa mọ́, ọkọ̀ á léfòó, ìdarí á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín bí ẹni tí kò dì í mú.

Táyà méjì tuntun tí ẹ bá rà, ẹyìn ni kí wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ní iwájú, nítorí iwájú ló ń fa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí iwájú bá yọ̀, ẹ ó mọ̀ lọ́wọ́, ẹ ó sì lè rọra tú ẹsẹ̀ lórí tọ́tù. Bí ẹyìn bá yọ̀, ọkọ̀ á yí po kí ẹ tó mọ̀. Ẹ má sì gbà kí wọ́n fi túùbù sínú táyà tí kì í lo túùbù nítorí pé ó ń jò. Túùbù náà á máa fi ara ha inú táyà, á gbóná, bó bá sì bẹ́, afẹ́fẹ́ gbogbo á jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

*Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Montréal, mo sì ra ọkọ̀ àlòkù. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ pààrọ̀ táyà kí òtútù tó dé. Àwọn tó wà lára rẹ̀ ní àmì M+S. Ṣé wọn ò tó ni?*
— Akẹ́kọ̀ọ́, Montréal

Wọn ò tó. Ní Québec, òfin ni: láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, táyà òtútù ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀, àmì tí òfin ń wò sì ni àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta tí yìnyín wà nínú rẹ̀. M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) nìkan kò dúró fún un. Ẹ má dúró de yìnyín kí ẹ tó ṣe é. Bí ojú ọjọ́ bá ti ń wà nísàlẹ̀ 7°C léraléra, rọ́bà táyà ẹ̀ẹ̀rùn á le gbagidi, kò ní di ilẹ̀ mú bí ọ̀nà tilẹ̀ gbẹ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀, kì í ṣe méjì.

Bí agbára bá ká a, ẹ ra rímù mẹ́rin lọ́tọ̀ fún un, ẹ ó lè máa pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà, kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ sì dẹ àwọn nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí ẹ tó fi jáàkì gbé e. Bí ẹ bá ń dì wọ́n, ẹ má dì wọ́n ní títẹ̀léra. Ẹ dì ọ̀kan, kí ẹ bọ́ sí èyí tó kọjú sí i. Sípánà tó ń ka agbára ni kí ẹ fi parí rẹ̀: 103 N·m ni fún ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry; fún ọkọ̀ mìíràn, ó wà nínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn bíi 100 kìlómítà, ẹ tún un dì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ipò kọ̀ọ̀kan sára táyà tí ẹ yọ, kí ẹ lè mọ ibi tó ti wá. Bí iná afẹ́fẹ́ bá tàn ní àárọ̀ òtútù, ẹ má fòyà: ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ń lọ sílẹ̀ ní bíi 1 psi fún ìwọ̀n ooru 5 tàbí 6 tó bá dín kù. Ẹ kàn fi kún un.

*Ọkọ̀ mi ń gbóná nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Mẹkáníìkì ti yọ thermostat, ó ní a ò nílò rẹ̀ nílẹ̀ olóoru. Ó ṣì ń gbóná.*
— Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ ní kí ó dá a padà. Iṣẹ́ thermostat ni láti dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, bíi 82°C nínú ọ̀pọ̀ Toyota, kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún un. Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé ẹ́ńjìnì ṣì tutù, á máa da epo sí i ju bó ti yẹ lọ, ẹ ó sì máa ra bẹntiróò púpọ̀. Omi inú ọ́ìlì kò ní gbẹ, ọ́ìlì á sì di ẹrẹ̀.

Ohun tí ẹ sọ fúnra yín ló tọ́ka sí àrùn náà. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná nígbà tó dúró, tó sì ń tutù bí ẹ bá sáré, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ lójú kan títí yóò fi gbóná, kí ẹ tẹ́tí: ṣé fáànù tàn? Bí kò bá tàn, ẹ tan AC. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó yẹ kí ó ta lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ta, fáànù dára, sẹ́ńsọ̀ tàbí relay ni kí riwáyà wò. Bí kò bá ta rárá, fáànù fúnra rẹ̀ tàbí fíúùsì rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé orí eré ló ti ń gbóná, rèdíétọ̀ tó ti dí tàbí pọ́ǹpù omi ni à bá máa sọ.

Omi kànga àti omi bọ̀òlù ń kó èérí àti ìpẹtà jọ sínú rèdíétọ̀. Coolant ìdajì, omi tí kò ní ìyọ̀ inú ilẹ̀ ìdajì, ló yẹ ẹ́. Ẹ má ṣí ìdérí rèdíétọ̀ nígbà tó bá gbóná láéláé, ó ń bó ènìyàn lójú. Bí ọ́ìlì bá sì ti dà bíi mílíìkì, tàbí tí èéfín funfun tó nípọn ń jáde láìdáwọ́ dúró, top gasket, èyí tó dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, ti jẹ. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ má wà á délé.

*Accord "Evil Spirit" mi ń já lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì jíà.*
— Olùkọ́, Òṣogbo

Ẹ béèrè orúkọ ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i. Kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì pupa ni jíà Honda ń fẹ́. ATF DW-1 ni kí ẹ rà. Bí wọ́n bá tú ìdí rẹ̀, nǹkan bíi lítà 2 àbọ̀ péré ló ń jáde, ìyókù wà nínú jíà. Nítorí náà, ẹ tú u, ẹ kún un, ẹ wà á fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ẹ má gbà kí wọ́n sọ jíà kalẹ̀ kí ẹ tó ṣe èyí.

*Ọkọ̀ mi, 2.4, ti ọdún 2008, ń mu ọ́ìlì. Kò sí ibi tó ń jò. Ṣé kí n tà á ni, àbí kí n ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀?*
— Òṣìṣẹ́ ìjọba, Ìkòròdú

Ẹ ò sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Bó bá jẹ́ Camry "Muscle", ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀: ẹ́ńjìnì 2AZ-FE ti 2007 sí 2009 ni a mọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ríìngì tó ń ha ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà ló máa ń dí, ọ́ìlì á sì bá epo jóná. Toyota fúnra rẹ̀ pààrọ̀ písítìn àti ríìngì fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà lórí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ọ́n. Ẹ kún ọ́ìlì dé àmì òkè, ẹ kọ òǹkà kìlómítà sílẹ̀, ẹ wà á fún 1,000, kí ẹ wá wo iye tó lọ. Bó bá tó lítà kan láàárín 2,000 kìlómítà, ó ti pọ̀ jù. Ẹ pààrọ̀ PCV valve, fáàfù kékeré tó ń fa èéfín kúrò nínú ẹ́ńjìnì, ṣáájú ohun gbogbo, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ má da ọ́ìlì tó ki bíi 20W-50 sí i láti bo àrùn mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnì Ládípọ̀ tó bá jẹ́ ti ọdún kan náà lè ní àbùkù kan náà. Bí jíà kò bá yọ̀, tí ìpẹtà kò sì jẹ abẹ́ ọkọ̀, písítìn àti ríìngì tuntun ni àwa yóò yàn. Bí jíà pẹ̀lú bá ti ń yọ̀, ẹ tà á, kí ẹ sì sọ òtítọ́ àrùn rẹ̀ fún ẹni tó ń rà á.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ra òmíràn, ẹ ka VIN: òǹkà àti lẹ́tà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Ẹ̀kẹwàá nínú wọn ni ọdún ọkọ̀: 8 jẹ́ 2008, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011. Ó gbọ́dọ̀ bá ti ẹnu ilẹ̀kùn mu. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin: bí ẹrẹ̀ tàbí ilà omi bá wà níbẹ̀, ọkọ̀ náà ti wọ omíyalé. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó tan án. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tan án ṣáájú dídé yín. Ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ bó ṣe ń jí. Ẹ mú ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dání. Bí ó bá ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀ kúrò, ẹ béèrè ìdí.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ jẹ́ ti VIN yẹn gan-an. Bí ẹ bá sì ta ti àtijọ́, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ̀yin àti oníbàárà fọwọ́ sí i, kí ẹ sì jọ lọ yí orúkọ padà. Títí wọn yóò fi yí i, orúkọ yín ni ọlọ́pàá yóò rí bí ọkọ̀ náà bá ṣe jàǹbá.