Eyín implant tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láìdunni

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà eyín wa. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n gbin implant méjì, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tí wọ́n fi skúrù dè mọ́ egungun, sí ẹ̀yìn ẹnu mi nísàlẹ̀. Kò dùn mí rí. Àmọ́ láti bí oṣù mélòó kan, bí mo bá ń run orín, ẹ̀jẹ̀ máa ń yọ níbẹ̀, ẹnu mi sì ń rùn. Aládùúgbò mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé eyín irin kì í jẹrà. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá oníṣòwò, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnira, Mà. Òótọ́ ni pé kòkòrò kì í jẹ implant. Irin tí wọ́n ń pè ní taitéńíọ́mù ni skúrù inú egungun, tánganran sì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe orí tí ẹ fi ń jẹun. Egungun tó di skúrù náà mú ló lè yọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rù ń bà wá sí.

Eyín àbínibí ní fọ́nrán tín-ín-rín tó so ó mọ́ egungun, ara wọn la ti ń mọ ìrora. Implant kò ní wọn. Egungun ló dì mọ́ ọn tààrà, ẹran tó yí i ká kò sì lẹ̀ mọ́ ọn pinpin bíi ti eyín àbínibí. Bí ìdọ̀tí bá ráyè wọlé, egungun á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ láìdunni, títí skúrù á fi máa mì. Bó bá ti mì, yíyọ ló kù. Ẹ má wò ó pé kò dùn yín o. Ẹ̀jẹ̀ àti òórùn yẹn ti tó ìkìlọ̀.

Ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Kí ó fi irin ìwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ wo bí ihò ẹ̀gbẹ́ implant ṣe jìn tó, kí ó tẹ ẹran wò bóyá ọyún á jáde, kí ó ya ẹ́ksíréè, kí ó sì fi wé èyí tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n dé orí eyín náà. Egungun lè dín ní bíi mìlímítà 1 sí 1.5 lọ́dún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò yẹ kó máa dín ju 0.2 lọ lọ́dún. Bí egungun bá ṣì pé, fífọ ibẹ̀ mọ́ kínníkínní lè wò ó. Bó bá ti yọ́, ó lè gba pé kí wọ́n la ẹran kí ọwọ́ tó tó skúrù, egungun tó ti lọ kì í sì í sábà padà. Ẹ bi í bóyá símẹ́ǹtì ni wọ́n fi lẹ orí eyín yín, torí èérún rẹ̀ tó há sábẹ́ ẹran máa ń fa wàhálà yìí. Kápúsù ọ̀dọ̀ kẹ́mísì nìkan kò lè wò ó: ìdọ̀tí tó gan mọ́ skúrù ṣì wà níbẹ̀. UCH Ìbàdàn àti LUTH ní Ìdí-Àràbà, tí kò jìnnà sí yín, ní àwọn tó mọ iṣẹ́ ẹran ìdí eyín.

Ẹ má pa orín tì, àmọ́ kò lè dé àárín eyín. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì bíńtín tí wọ́n ń kì bọ àárín eyín, èyí tí rọ́bà bo wáyà rẹ̀ kó má baà ha implant, kí ẹ lò ó lálaalẹ́. Èérún gaàrí àti ẹ̀pà a máa há síbẹ̀. Bí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú, torí ṣúgà tó ga kì í jẹ́ kí ẹran jinná.

Implant tí a tọ́jú a máa pẹ́. Ní 1965 ni Brånemark, dókítà ará Sweden, gbìn ín fún Gösta Larsson, ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe é fún. Larsson ń lò wọ́n títí ó fi kú ní 2006.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù fún Ojúde Ọba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa lò nílé, ó sì fẹ́ gbin eyín ẹ̀yìn kan lókè. Ṣé àyè á tó?
Òǹkàwé, Ṣágámù

ÌDÁHÙN: Kò ní tó. Ọjọ́ kan la fi ń gbin skúrù, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí oṣù 3 dì mọ́ egungun nísàlẹ̀ ẹnu. Lókè, tí egungun ti rọ̀ jù, ó tó oṣù 4 sí 6. Egungun ẹ̀yìn òkè tún máa ń tín-ín-rín lábẹ́ ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ imú, wọ́n sì lè ní láti fi egungun kún un kí wọ́n tó gbìn ín. Níbi tí ẹ̀gbọ́n yín ti lè máa padà lọ fún àyẹ̀wò ni kí wọ́n ti ṣe é. Kí wọ́n sọ fún dókítà bí wọ́n bá ń lo oògùn egungun, bí alendronate. Kí wọ́n pa sìgá tì. Bí wọ́n bá gbìn ín tán, ẹ̀kọ tàbí ìkọ́kọrẹ́ tó ti tutù ni kí wọ́n máa jẹ lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí wọ́n jìnnà sí gaàrí.

ÌBÉÈRÈ: Íńdíà ni mo ti ṣe tèmi. Orí eyín náà ti ń mì báyìí. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?
Bàbá àgbà, Ìpẹru-Rẹ́mọ

ÌDÁHÙN: Bàbá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ skúrù kékeré tó so orí mọ́ ti inú egungun ló tú, ìyẹn sì ṣeé dè. Ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ yẹn jẹun, ẹ má sì fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe implant ló ní irin ìtúdè tirẹ̀, torí náà ẹ mú káàdì tí wọ́n fún yín dání, èyí tí orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ìbú, gígùn àti nọ́ńbà skúrù wà nínú rẹ̀. Bí káàdì kò bá sí, kí àwọn ọmọ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn tó ṣe é, kí wọ́n fi ẹ̀dà ìwé àti ẹ́ksíréè ránṣẹ́. Bí ẹ bá ń pahínkeke lójú oorun, ẹ sọ fún dókítà kó ṣe rọ́bà àbò fún yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á tún tú.