Páálí Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Ilé Tí À Ń Sanwó Fún: Ṣé Owó Wa Ń Ṣòfò?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tọkọtaya ni wá, àwa méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ oṣù. Ọmọ wa jẹ́ méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 6, ìkejì ọmọ ọdún 3. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń gba páálí oúnjẹ: ilé-iṣẹ́ kan máa ń wọn èròjà oúnjẹ alẹ́ mẹ́rin sínú páálí fún wa lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó ń ṣàlàyé bí a ó ṣe sè é. Ẹnì kan tún ń wá fọ aṣọ wa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó sì ń bá wa lọ̀ ọ́. Ọjà yòókù náà, a ń sanwó kí wọ́n máa gbé e wá bá wa nílé. A ò jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tí a ò rí nǹkan kan fi pamọ́. Ọkọ mi ní páálí yẹn ti wọ́n jù, pé ká kúkú máa ra èròjà lọ́jà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ìmẹ́lẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ rèé, kí páálí tó dé, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ là ń ra oúnjẹ tí wọ́n ti sè, ohun tí a rà lọ́jà sì ń bàjẹ́ nínú fíríìjì. Ṣé owó wa ń ṣòfò lóòótọ́?

Ìdáhùn

Ẹ kú làálàá, ìyá àwọn ọmọ. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn ìdílé ṣètò ìnáwó, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo fì sí. Ẹ dín páálí kù sí alẹ́ méjì lọ́sẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan owó aṣọ fífọ̀. Owó tí ẹ ń san kí wọ́n gbé ọjà wá sílé, ẹ dá a dúró fún oṣù kan ná.

Ìmẹ́lẹ́ kọ́ lẹ ń ṣe. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀, tó tún délé bá ọmọ ọdún 3, iṣẹ́ kejì ló bá nílé yẹn. Àmọ́ oṣù mẹ́rin láìrí nǹkan fi pamọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí àìsàn bá dé, tàbí tí iṣẹ́ ọ̀kan nínú yín bá bọ́, gbèsè ni yóò di nǹkan náà fún yín. Nítorí ìyẹn nìkan, ohun kan gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìnáwó yín, kódà bí gbogbo rẹ̀ bá dára. Ó wá ku èwo.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé: kí lẹ ń rà gan-an? Oúnjẹ alẹ́ kan ṣoṣo, iṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní láti ronú ohun tí a ó jẹ. Ó ní láti mọ ohun tó kù nílé àti ohun tó ti tán. Yóò lọ rà á, yóò gbé e délé, yóò kó o sí ààyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fọ̀ ọ́, gé e, sè é, bù ú, tí yóò tún fọ abọ́ àti ìkòkò. Páálí oúnjẹ gba ìrònú, ọjà rírà àti wíwọ̀n kúrò lọ́wọ́ yín. Gígé, sísè àti abọ́ fífọ̀ ṣì wà lọ́rùn yín. Àwọn kan ti gba páálí fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n á ní ó ṣì ń rẹ àwọn, kò sì yé wọn. Ìdúró nídìí iná ló ń rẹ̀ wọ́n, ohun mìíràn ni wọ́n sì lọ sanwó fún.

Bó bá jẹ́ sísè ló ń ni yín lára, kí ẹ sè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ ìsinmi, kí ẹ sì pín in sínú fíríìsà, yóò ràn yín lọ́wọ́ ju páálí èyíkéyìí lọ. Bó bá sì jẹ́ "kí la ó jẹ lálẹ́ yìí?" ló ń gba ọkàn yín níbi iṣẹ́ láti ọ̀sán, a jẹ́ pé páálí ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un. Látinú lẹ́tà yín, ó jọ pé èyí kejì ni. Ẹni tí nǹkan ń bàjẹ́ nínú fíríìjì rẹ̀ mọ oúnjẹ sè. Ètò ni kò rí àyè ṣe.

Irú àwọn ìdílé báyìí gan-an ni iṣẹ́ yìí tìtorí wọn bẹ̀rẹ̀. Ní Sweden ni, ní 2007, tí ilé-iṣẹ́ Middagsfrid bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èròjà oúnjẹ alẹ́ àti ìlànà sísè wọn lọ sílé àwọn ènìyàn. HelloFresh tẹ̀ lé e ní Berlin ní 2011, Blue Apron sì bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 2012.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ ọkọ yín, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Bí a bá gbé iye páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye èròjà kan náà lọ́jà, páálí ló máa ń wọ́n jù. Owó wíwọ̀n, owó dídì, owó ọkọ̀ àti owó ìpolówó ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a rò pé a ó máa sè kọ́ ló yẹ ká fi wọn páálí. Ohun tí a máa ń jẹ ní ti gidi nígbà tí páálí kò sí ni. Ẹ̀yin náà ti dárúkọ rẹ̀: oúnjẹ tí wọ́n ti sè, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ká fi òǹkà ṣe é. Ká ní oúnjẹ alẹ́ kan tí ẹ ra èròjà rẹ̀ fúnra yín jẹ́ 10, ti páálí jẹ́ 18, èyí tí wọ́n ti sè jẹ́ 30. Alẹ́ mẹ́rin ti ọjà jẹ́ 40, alẹ́ mẹ́rin ti páálí jẹ́ 72. Níbí, ọ̀rọ̀ ọkọ yín ló lékè. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, alẹ́ méjì ti ọjà jẹ́ 20, alẹ́ méjì ti oúnjẹ tí wọ́n ti sè jẹ́ 60. 80 nìyẹn, a ò tíì ka ohun tó bàjẹ́. Páálí ti dín owó kù fún yín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú yín kíyè sí i. Wàyí o, bí ẹ bá fi páálí sí alẹ́ méjì tó nira jù nìkan, èyí tí ẹ máa ń ra oúnjẹ sísè sí tẹ́lẹ̀, 36 ni. Ẹ fi alẹ́ méjì ti ọjà kún un, ó di 56. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn mi ti wá. Ẹ mú àwọn òǹkà mi kúrò, kí ẹ fi tiyín sí i látinú ìwé báńkì yín, kí ẹ sì jọ ṣe é, ẹ̀yin àti ọkọ yín, lórí tábìlì kan náà. Bí oúnjẹ tí wọ́n ti sè bá pọ́ọ́kú ládùúgbò yín, èsì lè yí padà.

Ẹ má fojú kékeré wo ohun tó ń bàjẹ́ o. Ìròyìn tí ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń mójú tó àyíká gbé jáde ní 2024 sọ pé oúnjẹ tó ṣòfò lágbàáyé ní 2022 tó bílíọ̀nù 1.05 tọ́ọ̀nù, àti pé inú ilé ni ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti wá. Bí a bá pín ti inú ilé kárí, kílò 79 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin, ìyẹn ju 300 kílò lọ. Owó ni gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í hàn nínú ìwé ìnáwó ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rí ọkàn àwọn kan sì máa ń dá wọn lẹ́bi nítorí ọ̀rá àti páálí tí ilé-iṣẹ́ fi ń di nǹkan. Ẹ̀rí ọkàn rere ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Michigan ní 2019 fi oúnjẹ márùn-ún wéra, ti páálí àti ti ilé ìtajà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, èyí tó ti ara oúnjẹ ilé ìtajà wá, fi nǹkan bí ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti páálí lọ, torí ohun tó ń bàjẹ́ ní ìsọ̀ àti nílé pọ̀ ju ohun tí ọ̀rá fi ba nǹkan jẹ́ lọ.

Àwọn mìíràn máa ń fi owó iṣẹ́ wọn ṣe ìṣirò: "Wákàtí kan mi jẹ́ iye báyìí, ìdí wo ni màá fi máa fọ aṣọ?" Gary Becker, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Amẹ́ríkà, ti là á sílẹ̀ ní 1965 pé ohun tí ilé ń lò, owó àti àkókò ni a pa pọ̀ fi ń ra á. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń lo owó tí a kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ dípò èyí tó kù lẹ́yìn owó orí àti owó ọkọ̀, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni pé ẹnì kan yóò sanwó wákàtí tí wọ́n gbà padà fún wọn. Owó oṣù lẹ̀yin ń gbà. Bí ẹ bá gba wákàtí méjì padà lálẹ́ Ọjọ́rú, kò sẹ́ni tí yóò fi kọ́bọ̀ kún un. Iye wákàtí yẹn wà nínú ohun tí ẹ fi ṣe: oorun, ìwé ọmọ ọdún 6 yẹn, ìjókòó pẹ̀lú bàbá àwọn ọmọ. Bó bá jẹ́ orí fóònù ló ń lọ, ẹ ti san owó ńlá fún un.

Aṣọ fífọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Ní 2017, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, Ashley Whillans, Elizabeth Dunn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé ìwádìí kan jáde tó kan àwọn ènìyàn tó lé ní 6,000 ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Denmark àti Netherlands. Àwọn tó ń fi owó gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ara wọn sọ pé ayé tẹ́ àwọn lọ́rùn ju àwọn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún fún àwọn òṣìṣẹ́ 60 ní ìlú Vancouver ní Kánádà ní dọ́là 40 lópin ọ̀sẹ̀ méjì: lọ́sẹ̀ kan kí wọ́n fi ra nǹkan, lọ́sẹ̀ kejì kí wọ́n fi ra àkókò. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ra àkókò ni inú wọn dùn jù, torí ìnira àìrí-àyè dín kù fún wọn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bi àwọn òṣìṣẹ́ kan léèrè ohun tí wọ́n máa fi dọ́là 40 ṣe, ìdá 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló dárúkọ ohun tó ń gba àkókò padà. Irú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín sọ wà lára ohun tó ń fà á, lójú tèmi. Ìtìjú ń bá ènìyàn láti sanwó fún ìsinmi, ojú kì í sì í tì wá láti ra bàtà.

Ohun tí èmi rí kún un láti ẹnu iṣẹ́ mi ni pé owó tó gba iṣẹ́ kan lọ pátápátá ń tù ni lára ju owó tó gba ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fọ aṣọ yín ń fọ̀ ọ́, ó ń sá a, ó ń lọ̀ ọ́. Ẹ kò ní ronú kàn án títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Páálí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ti gbígbé ọjà wá sílé, mi ò ní fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ lórí rẹ̀. Yàtọ̀ sí owó ọkọ̀, ẹ wò ó bóyá iye ọjà fúnra rẹ̀ kò ga ju ti inú ìsọ̀ lọ, àti bóyá ẹ kì í fi nǹkan tí ẹ kò nílò kún un kí ó lè pé iye tó kéré jù tí wọ́n ń gbà. Ọkọ yín ló ní ká máa lọ sọ́jà, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n gba ọjà rírà yẹn fún oṣù kan yìí, pẹ̀lú ìrònú ohun tó ti tán nílé. Kì í ṣe láti fi dá wọn lóró. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló lè sọ iye tó tọ́ ká san láti gbé e fún ẹlòmíràn. Bí páálí bá sì dín kù tó jẹ́ orí yín nìkan ni iṣẹ́ alẹ́ méjì yẹn padà sí, owó ilé kò dín, ìyá àwọn ọmọ ló ń san án.

Àwọn alẹ́ méjì ti ọjà, ẹ má jẹ́ kí ó tún di ìrònú. Ẹ ní ìwé ìlànà sísè tó ti pé ọdún kan lọ́wọ́. Ẹ ṣa mẹ́fà tí àwọn ọmọ fẹ́ràn, ẹ kọ èròjà wọn sílẹ̀, kí ẹ máa yí wọn po. Iṣẹ́ ìrònú tí ilé-iṣẹ́ páálí ń gba owó lé lórí, ẹ ti sanwó èyí ná.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dínwó tí wọn yóò fi lọ̀ yín bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ dín páálí kù. Nǹkan tó ń ṣe àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ni pé owó ńlá ni wọ́n fi ń fa oníbàárà wọlé, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì ń lọ bí ẹ̀dínwó bá ti tán. Nígbà tí Blue Apron kọ́kọ́ ta ìpín ìdókòwò ní 2017, iye tí wọ́n dá lé ilé-iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 2 dọ́là. Ní 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù 103 dọ́là ni ilé-iṣẹ́ oúnjẹ mìíràn tó ń jẹ́ Wonder fi rà á. Ẹ̀dínwó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní kí ẹ padà sí alẹ́ mẹ́rin. Iye tí ẹ ó máa san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí ẹ wò.

Ìyàtọ̀ owó tó bá jáde, ẹ ní kí báńkì máa yọ ọ́ sí àpò ìfipamọ́ lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé gan-an, kí ó má bàa di nǹkan mìíràn. Kí ẹ sì wá ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ páálí yín ń ti àyè àyípadà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó sábà máa ń ṣáájú ọjọ́ tí páálí ń dé pẹ̀lú ọjọ́ mélòó kan, bó bá sì ti kọjá, wọn yóò yọ owó alẹ́ mẹ́rin. Ẹ fi aago sí i lórí fóònù yín lónìí.