Sourdough olówó ńlá: ohun tí mo máa ń wò kí n tó sanwó

Ẹ̀gbọ́n wa tó béèrè pé ṣé búrẹ́dì kíkan olówó ńlá tí wọ́n ń pè ní sourdough, tí wọ́n ń tà káàkiri London yìí tó owó ẹ̀, àbí àpò bébà rírẹwà yẹn la kàn ń sanwó fún, ohun témi mọ̀ ni pé òmíì tówó ẹ̀ dáadáa, òmíì sì wà tó jẹ́ ìrẹ́jẹ gbáà, orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n sì jọ máa ń wà.

Mo ti ṣiṣẹ́ lápá méjèèjì. Súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ òru, níbi tí wọ́n kọ "bakery" sí gàdàgbà, kí n tó bọ́ sí bẹ́kìrì kékeré kan tí wọ́n ti ń pò ó fúnra wọn. Ní súpámákẹ́ẹ̀tì yẹn, kò sẹ́ni tó ń pò fúláwà kankan o. Inú páálí ni búrẹ́dì ti ń dé, ó ti dì gbagidi, wọ́n ti yan án dààbọ̀ níbòmíì, iṣẹ́ tiwa ò ju ká tò ó sórí tíréè ká tì í sínú ààrò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ara ẹ̀ lè pọ́n, òun náà ló ń ta sánsán tí gbogbo èèyàn á fi yà síbẹ̀. Mi ò ní ó burú, ó ṣeé jẹ, àmọ́ kí wọ́n má gbowó ẹni tó fi ọjọ́ méjì ṣiṣẹ́ lé e lórí.

Torí owó àsìkò lẹ̀ ń san. Fúláwà, omi àti iyọ̀, nǹkan mẹ́ta yẹn ló ń ṣe ojúlówó sourdough. Stáátà tó ń mú un wú, fúláwà àti omi náà ni, wọ́n á fi sílẹ̀ títí á fi kan fúnra ẹ̀ bí ògì ṣe ń kan láìsí pé ẹnikẹ́ni bu nǹkan kan sí i. Tí wọ́n bá fi pò ó tán, ó lè wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó wọ ààrò. Búrẹ́dì inú láílọ́ọ̀nù ti súpámákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Látọdún 1961 tí wọ́n ti gbé ọ̀nà Chorleywood jáde ní UK níbí, ẹ̀rọ á pò ó kíkankíkan, wọ́n á da yíìsì púpọ̀ sí i, láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ ó ti jáde.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sófin kankan ní UK tó sọ ohun tí "sourdough" tàbí "artisan", ìyẹn àfọwọ́ṣe, gbọ́dọ̀ jẹ́. "Wholemeal", ìyẹn èyí tí wọ́n fi odindi ọkà àlìkámà ṣe, lófin dáàbò bò, àmọ́ méjì yìí, ẹni tó wù lè kọ ọ́ sára ọjà ẹ̀. Àwọn Real Bread Campaign, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ojúlówó búrẹ́dì níbí, ti ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, "sourfaux" ni wọ́n ń pe ayédèrú ẹ̀. Nítorí náà ẹ yí i padà kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí yíìsì, fínígà, òróró, tàbí E472e, ìyẹn èròjà tí ilé iṣẹ́ ńlá ń fi sí i kó lè wú dáadáa, ẹ ti mọ̀ pé wọ́n sáré ṣe é ni, fínígà ni wọ́n fi mú un kan. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí calcium, iron, niacin àti thiamin bà yín lẹ́rù, òfin ló ní kí wọ́n fi sínú fúláwà funfun níbí. Ascorbic acid náà, vitamin C ni, kì í ṣe bromate tí NAFDAC ń lé kiri nílé, bromate ti di èèwọ̀ ní UK látọdún 1990.

Èyí tí wọn ò dì sínú nǹkan kan kì í sábà ní àkọsílẹ̀ lára, ẹ bi wọ́n pé stáátà nìkan ni àbí yíìsì wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣe é fúnra ẹ̀ á ti máa dá yín lóhùn kẹ́ ẹ tó béèrè tán.

Ẹ wá wo owó dáadáa o, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ wa. Owó kílò kan ni kẹ́ ẹ wò, ó máa ń wà ní lẹ́tà wínníwínní lábẹ́ iye owó. Ká ní gíráàmù 400 ni wọ́n ń ta £2.20, £5.50 ni kílò ẹ̀ yẹn. Èyí tó jẹ́ gíráàmù 800 ní bẹ́kìrì kékeré tí wọ́n ń ta £4.80, £6 ni kílò ẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Èyí tó jọ pé ó wọ́n ju ìlọ́po méjì lọ, àádọ́ta pẹ́ńsì péré ló fi jù ú lórí kílò, ọwọ́ èèyàn ló sì ṣe é.

Ẹ dojú ẹ̀ dé, ẹ wo ìdí ẹ̀. Tí àwọn àmì róbótó wẹ́wẹ́ bá tò síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, orí tíréè oníhò ni wọ́n ti yan án, ti ilé iṣẹ́ ńlá ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìka kan ìdí yẹn, tó bá jinná á dún bíi pé inú ẹ̀ ṣófo. Èèpo ẹ̀ kó pọ́n dé ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, kó lé ròrò kéékèèké. Ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé ó ti jóná, kò jóná o, ibẹ̀ gan-an ni adùn wà.

Ihò ńláńlá tí wọ́n ń ya fọ́tò ẹ̀ sórí Instagram ò jọ mí lójú, bọ́tà á kàn máa jò gbabẹ̀ ni. Ara ihò yẹn ni mo máa ń wò, kó máa dán díẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ihò gàǹgà kan ló wà lábẹ́ èèpo lókè, tí ìsàlẹ̀ sì ki pọ́pọ́, wọn ò jẹ́ kó wú tó kí wọ́n tó tì í sínú ààrò, ẹ dá a padà fún wọn jàre.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀wà aganyin lẹ fẹ́ fi jẹ, ẹ má náwó yẹn rárá. Búrẹ́dì Agége tó rọ̀, tó ń fà, tí wọ́n ń tà ní Peckham ló bá a mu, kíkan sourdough á bá ata dínńdín yẹn jà ni.

Tẹ́ ẹ bá rà á délé, ẹ má gbé e sí fíríìjì, fíríìjì ló ń tètè mú búrẹ́dì gan. Ẹ dojú ibi tẹ́ ẹ ti gé dé orí pátákó, kẹ́ ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ojúlówó á lo bí ọjọ́ mẹ́rin, nígbà tí èyí tá à ń yọ nínú páálí nígbà yẹn, ọjọ́ kejì ló ti ń rún wómúwómú. Èyí tẹ́ ò bá lè jẹ tán, ẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kẹ́ ẹ tó kó o sí fírísà, látibẹ̀ ẹ lè máa mú un sínú tósítà tààrà.