Èkìtì ò ní òkun: báwo ni mo ṣe lè fi òrìṣà òkun sínú ìtàn mi?

Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ ìtàn àròsọ nípa òrìṣà obìnrin kan tó ni òkun, ìrìnàjò àti àyípadà, tí àwọn ará Èkìtì ń bọ. Kò le rárá. Odò ni kẹ́ ẹ gbà wọlé: Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ó gba Òṣogbo kọjá, ó wọ ọ̀sà lápá Lẹ́kí kó tó dé òkun. Ẹni tó ju obì sómi ní Ìgèdè ti ránṣẹ́ sí òkun nìyẹn.

Ẹ tún wo Yemọja. Nílé níbí, odò Ògùn ló ni. Olókun ló ni òkun. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé Yemọja sọdá, ó sì di ìyá òkun ní Bràsíl àti Kúbà. Àyípadà wo ló tún jùyẹn lọ? Ní ìlú Salvador ní Bràsíl, lọ́jọ́ 2 oṣù Kejì, wọ́n ń kó òdòdó, ọṣẹ, lọ́fínńdà, òòyà àti dígí sínú apẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ apẹja á sì gbé e dé agbami. Bó bá rì, ìyá ti gbà á. Bí omi bá gbé e padà sétí òkun, kò gbà á.

Ní tiyín, ẹ má gbàgbé iyán nínú ẹbọ náà o. Èkìtì kúkú ni.