Ẹ bi Àǹtí: Ṣé kí n fún ọmọ mi nínú àgbo ibà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Láti ọjọ́ Ẹtì lara ọkọ mi ti ń gbóná, orí ń fọ́ ọ, òtútù ń mú un, ẹnu ẹ̀ korò. Ni màmá ọkọ mi bá gbé ìkòkò kaná, dongoyaro, ewé ìbẹ́pẹ, ewé tíì, oruwo àti èèpo mángòrò, wọ́n ní kó máa mu ún kó sì máa fi oru ẹ̀ bora. Lóòótọ́ ó làágùn, ara ẹ̀ fúyẹ́, àmọ́ tó bá ti dìrọ̀lẹ́ ibà yẹn á tún dé. Ní báyìí ara ọmọ wa, ọmọ oṣù 8, ti ń gbóná, màmá sì ní kí n fún un ní ṣíbí kan. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì fẹ́ kó dà bíi pé mò ń rí wọn fín. – Ìyàwó Ilé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ má fún ọmọ yẹn o! Ọsibítù lẹ máa gbé e lọ lónìí, ẹ má sọ pé ẹ ṣì fẹ́ wò ó di ọ̀la, torí ibà ọmọdé kì í pẹ́ fa gìrì, ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn lára ẹ̀, ẹ máa fún un lọ́yàn bó bá ṣe ń gbà á. Òróró dongoyaro ti fa gìrì fáwọn ọmọ kéékèèké rí, ó ti ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Òróró kọ́ ni ewé, mo mọ̀, àmọ́ ta ló mọ bí ohun tó wà nínú ṣíbí kan yẹn ṣe le tó?

Ti ọkọ yín, mi ò ní bú àgbo o. Èmi náà ti jókòó sórí àpótí rí, ìkòkò láàárín ẹsẹ̀, ìyá mi á da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí lórí, òórùn ewé tíì á gba imú mi kan, tí mo bá fi máa jáde aṣọ mi á ti rin gbingbin, oorun ọjọ́ yẹn á dùn gan-an. Àmọ́ òógùn ló jáde yẹn. Tó bá jẹ́ malaria ni, kòkòrò ẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Kó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á gún un níka, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan, kò tó 30 ìṣẹ́jú èsì ti dé, torí taifọ́ọ̀dù náà máa ń mára gbóná. Tó bá jẹ́ malaria, oògùn ọlọ́jọ́ 3 ni wọ́n sábà máa ń fúnni, kó lò ó tán, kó fi oúnjẹ tó lépo díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ọkùnrin wa, tára bá ti yá lọ́jọ́ kejì wọ́n á tọ́jú ìyókù de ibà mìíràn! Kó má sì pa àgbo pọ̀ mọ́ ọn. Tó bá ń bì tí omi ò dúró nínú ẹ̀, tẹ́yinjú ẹ̀ dà bí ìyeyè, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ tí ò yéèyàn, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ní ti màmá, ẹ sọ fún wọn pé ewé náà loògùn ọ̀hún ti wá. Obìnrin ará Ṣáínà kan, Tu Youyou, ló rí i nínú ìwé ìṣègùn àtijọ́ wọn pé omi tútù ni wọ́n ń rẹ ewé kan tí wọ́n ń lò fún ibà sí, wọ́n á wá fún omi ẹ̀ jáde, ibẹ̀ ló ti yé e pé iná ló ń ba agbára ẹ̀ jẹ́, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ sọ́sibítù, ẹ ní kí wọ́n bá yín pọn ọmọ, wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún jù yín lọ.