Ẹ Bi Wá: Gẹ̀ẹ́sì ayé Chaucer ò yé mi, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ma. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kà ní yunifásítì, ọdún kejì, wọ́n wá kó kọ́ọ̀sì kan fún wa tó bẹ̀rẹ̀ láti Beowulf, ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, títí dé Malory tó kọ ìtàn Ọba Arthur. Mo ṣí Canterbury Tales, àkójọ ìtàn tí akéwì Chaucer kọ, mo rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni, síbẹ̀ mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n kàn lọ ka sọ́márì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n fi ṣe ìdánwò. Owó ìwé ò sì sí lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìsapá. Sọ́márì yẹn, fi sílẹ̀ ná. Ìdánwò irú kọ́ọ̀sì yìí sábà máa ń gbé ìlà bíi mélòó kan síwájú ẹ látinú ìwé náà gan-an, wọ́n á ní kó o sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ àti bí akéwì ṣe lo ọ̀rọ̀, kò sì sí sọ́márì tó máa sọ ìyẹn fún ẹ. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni pé kó o ka Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà fúnra ẹ̀, kí ìtumọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó o sì máa kà á síta kí etí ẹ gbọ́ ọ. Ti owó, má dààmú, ọ̀fẹ́ lèyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ dárúkọ.

Bẹ̀rẹ̀ látorí wẹ́bsáìtì Chaucer tó wà ní Harvard. Wọ́n to Canterbury Tales síbẹ̀ ní ìlà kan ti Chaucer, ìlà kan Gẹ̀ẹ́sì òde òní lábẹ́ ẹ̀. Kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ìlà ìsàlẹ̀, ka tòkè, gbìyànjú láti gbọ́ ọ, kó o tó wá ṣí ọwọ́ wò ó. Ó máa ń fa ara ní ojú ìwé bíi mélòó kan àkọ́kọ́ o, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ìparí General Prologue, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, wàá rí i pé kì í ṣe gbogbo ìgbà lo ń ṣí ọwọ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kíkà síta yẹn, mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un rárá. Chaucer kú ní 1400, lẹ́yìn ìgbà yẹn ni fáwẹ́lì gígùn Gẹ̀ẹ́sì yí padà, òun ló fà á tí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bára mu níparí ìlà fi máa ń kọ̀ láti bára mu tó o bá fi ohùn òde òní kà á. Àwa tá a gbọ́ Yorùbá sì láǹfààní níbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kíyè sí: fáwẹ́lì gígùn tí wọ́n ń lò nígbà náà súnmọ́ méje tiwa pẹ́kípẹ́kí, a, ẹ, e, i, ọ, o, u. Inú "name" a tiwa ló wà, inú "time" i tiwa ló wà, "hous" sì ní u. "k" tó wà níwájú "knight" ń kó? Pè é, wọ́n ń pè é nígbà náà. Ẹ̀kọ́ ìpè wà lórí wẹ́bsáìtì Harvard yẹn náà, gbọ́ ọ dáadáa.

Middle English ni wọ́n ń pe Gẹ̀ẹ́sì ayé Chaucer yìí. Dikiṣọ́nárì tó o nílò ni Middle English Dictionary ti Yunifásítì Michigan, wọ́n parí ẹ̀ ní 2001, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà yẹn kò tíì sí sípẹ́lì kan pàtó, olúkúlùkù akọ̀wé ń kọ ọ bó ṣe gbọ́ ọ lágbègbè ẹ̀, torí náà tí ọ̀rọ̀ kan ò bá jáde, má rò pé kò sí, yí sípẹ́lì ẹ̀ padà kó o tún wá a. Ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì kì í ṣe wàhálà, ìwọ fúnra ẹ lo máa lọ wò ó. Èyí tó o rò pé o mọ̀ ló ń ṣini lọ́nà, bíi "nice" tó sábà máa ń túmọ̀ sí òmùgọ̀ nígbà náà.

Tó bá kúrò lórí Chaucer, lọ sí TEAMS Middle English Texts ti Yunifásítì Rochester. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an! Ìwé Margery Kempe wà níbẹ̀, ti Julian of Norwich wà níbẹ̀, ewì Pearl, àwọn eré ìlú York, ìtàn Robin Hood, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó le wà nítòsí ìlà ẹ̀, àlàyé ọ̀jọ̀gbọ́n sì wà níwájú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ewì Sir Gawain and the Green Knight le ju Chaucer lọ torí Gẹ̀ẹ́sì apá àríwá ìwọ̀-oòrùn ni, èyí ni mo máa ní kó o yá nínú láíbìrì, ẹ̀dà tó ní àlàyé nísàlẹ̀ ojú ewé.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n kọ́ Old English kí n tó ka Beowulf?

Ìdáhùn: Rárá, àyàfi tí kọ́ọ̀sì yín bá béèrè fún un. Èdè mìíràn pátápátá ni, òun ni wọ́n ń sọ ṣáájú kí àwọn Norman tó ṣẹ́gun England ní 1066 tí ọ̀rọ̀ Faransé fi ya wọlé. Mú ìtumọ̀ méjì tí èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe, kó o fi ibì kan náà wéra, ibi tí wọn ò ti fẹnu kò sí ni kó o ti lọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nínú Bosworth-Toller, dikiṣọ́nárì Old English, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ̀dà àfọwọ́kọ Beowulf kan ṣoṣo ló kù láyé, iná sì jó etí ẹ̀ ní 1731, ìdí nìyẹn tí àwọn ìlà kan fi ní ihò tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jà lé lórí.

Ìbéèrè: Kí ni kí n fi kọ ẹ̀sé mi? Tísà wa ò gba Wikipedia.

Ìdáhùn: Lo Open Access Companion to the Canterbury Tales, torí akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe kọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí nígbà náà, Internet Medieval Sourcebook ti Yunifásítì Fordham kó ìwé àkọsílẹ̀ ìgbà náà jọ, àwọn ìwé lórí àjàkálẹ̀ àrùn tó wọ England ní 1348 àti ìṣọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ní 1381. Ka ti àjàkálẹ̀ yẹn kó o tó ka ìtàn Pardoner (ẹni tó ń ta ìwé ìdáríjì) nínú Canterbury Tales, níbi tí àwọn ọ̀mùtí mẹ́ta ti lọ ń wá Ikú kiri láti pa á, wàá rí i pé ẹ̀rù gidi ló wà lẹ́yìn ìtàn yẹn. Ṣọ́ra o, púpọ̀ nínú ìtumọ̀ tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ kiri ti pẹ́ gan-an torí àwọn tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti kúrò lórí wọn ni, wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó o tó fà á yọ sínú ẹ̀sé.